Ta Ni Atọ́kùn? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Òmìrán Wa Nínú Ìjàkadì Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 2021, Tolúlọpẹ́ Ọmọgbẹ̀hìn, ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú Èkó, wọ ojú agbo ìjàkadì ní ìlú Tampa, ìpínlẹ̀ Florida, níbi WrestleMania 37. Gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Òun àti AJ Styles jọ gba ìgbànú àwọn oníjà méjì-méjì lọ́wọ́ Kofi Kingston àti Xavier Woods. Ní ọjọ́ kejì, nínú pápá kan náà, Babátúndé Ayégbusì, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Poland, yọ sí àárín ìjà lójijì, ó gbé Big E ṣánlẹ̀, Apollo Crews sì gba ìgbànú Intercontinental.

Ìròyìn méjèèjì dùn mọ́ àwa ọ̀dọ́ nínú gan-an. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ Nàìjíríà níwájú gbogbo ayé? Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Nínú ìtàn méjèèjì, ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi àwọn òmìrán wa ṣe. Tolúlọpẹ́, tí wọ́n sọ di Omos, ń ṣọ́ AJ Styles. Babátúndé, tí wọ́n sọ di Commander Azeez, ń ṣọ́ Apollo Crews. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣọ́ dúró lẹ́yìn, ó fajú ro, ó ká ọwọ́ lérí àyà. Ọmọ Yorùbá méjì láàárín ọjọ́ méjì, agbára wọn ni wọ́n lò, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lo ẹnu wọn.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo gbé wá kì í ṣe bóyá òótọ́ ni ìjà náà tàbí irọ́. Ìbéèrè tèmi ni pé: ta ló ń tọ́ àwọn òmìrán wa sọ́nà, ibo ló sì ń tọ́ wọn lọ?

Iṣẹ́ kan wà nínú ìjàkadì yìí tí òǹwòran kì í rí. Ẹnìkan wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní booker. Òun ló ń yan ẹni tí yóò bá ẹni jà, ẹni tí yóò borí, ọ̀nà tí yóò gbà borí, ẹni tí a ó sọ di ọmọlúàbí àti ẹni tí a ó sọ di ọ̀dàlẹ̀. Adájọ́ tí ẹ ń rí lójú agbo ní ẹ̀rọ kékeré létí tí wọ́n fi ń sọ fún un pé àkókò ti ń lọ. Ní ọdún 1989, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí WWE lónìí sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé eré ni àwọn ń ṣe, kì í ṣe ìdíje, kí ìjọba má bàa máa ṣàkóso wọn bí ó ti ń ṣàkóso ẹ̀ṣẹ́ jíjà. Wọ́n ti jẹ́wọ́, kò sì dín òǹwòran kù.

N kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá iṣẹ́ yìí mu ju atọ́kùn lọ. Ẹni tó bá ti wo ọdún eégún rí mọ atọ́kùn. Òun ló ń ṣíwájú, òun ló mọ agbo ilé tí eégún yóò yà sí, òun ló ń sọ ohun tí ará ọ̀run wí fún ará ayé. Gbogbo ojú wà lára ẹ̀kú, ṣùgbọ́n bí atọ́kùn bá ya òsì, eégún kò ní ya ọ̀tún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àwọn kan máa ń fi àwọn tó ń wo ìjàkadì yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń sanwó wo irọ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, àṣà wa náà kò sì rí i bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà wo ni kò mọ̀ pé ènìyàn ló wà nínú ẹ̀kú? Síbẹ̀ a ń pè é ní ará ọ̀run, a ń sá fún un, a sì ń gba àdúrà rẹ̀. Ní Ọ̀fà, ìlú tí ìjàkadì wà nínú oríkì rẹ̀, ọba àti ìjòyè rẹ̀ tí í jẹ́ Ẹ̀sà máa ń wọ̀yá ìjà níta gbangba nígbà ọdún Ọnímọkà. Kí èrò tó kúrò nílé ni wọ́n ti mọ̀ pé ọba kọ́ ni yóò ṣubú. Ṣé wọ́n wá dúró sílé? Wọn kì í dúró. Wọ́n mọ̀ pé ìjà náà ń sọ ohun kan nípa ìlú wọn, ohun náà ni wọ́n wá gbọ́. Eré tí a mọ òpin rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn, bí ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tó ń wò ó bá ti jọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ará Ọ̀fà ni atọ́kùn ìjà ti Ọ̀fà. Ìlú ló ni ìtàn, ìlú ló ń sọ ọ́, ìlú ló sì ń wò ó. Níbi tí àwọn òmìrán wa ti jà, ẹni tí kò mọ ilé wa ló mú ọ̀pá àṣẹ dání.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ Babátúndé ní Dabba-Kato? Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ tó jẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2020 nìyẹn, kí wọ́n tó pa á tì tí wọ́n sì sọ ọ́ di Azeez. Babátúndé tó jẹ́ pé ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín, wọ́n fi rọ́pò ohun tí kò ní ìtumọ̀ kankan ní èdè bàbá rẹ̀. Ní ti Tolúlọpẹ́, wọ́n gé orúkọ ìdílé rẹ̀ kù, wọ́n sì fi lẹ́tà kan lé e ní ìrù. Àṣà ilé-iṣẹ́ náà sì ni láti fi orúkọ orí ìtàgé sábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ohun-ìní tirẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kọ́ ló ni orúkọ.

Ẹ tún wo Apollo Crews. Sesugh Uhaa ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Tiv ni, California ni wọ́n sì ti bí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ọba láti Nàìjíríà. Wọ́n fi ọ̀kọ̀ lé e lọ́wọ́, ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí yí padà lọ́sàn-án kan òru kan. Ìjà tó fi gba ìgbànú ní Tampa, wọ́n pè é ní Nigerian Drum Fight, wọ́n sì to ìlù yí agbo ká. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni láti Ìjerò títí dé ilẹ̀ Tiv sọ fún mi ìlú tí wọ́n ti ń ja irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Ó ń ki ènìyàn, ó ń pa òwe, ó ń bú ènìyàn pàápàá. Níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń gbá ènìyàn mọ́ ló dà.

Ti Kofi Kingston tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ghana ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó kọ́kọ́ yọjú ní ọdún 2008, wọ́n ní ọmọ Jàmáíkà ni, ó sì ń fi ohùn Jàmáíkà sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ó gba ìgbànú tó ga jù lọ nínú ilé-iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà sì sunkún ayọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, wọ́n mú Brock Lesnar wá bá a jà. Ìjà náà kò ju bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ. Ìgbànú lọ. Agbára Kofi kò dín kù láàárín oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá. Ọwọ́ tó kọ ìtàn rẹ̀ sókè náà ló kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní owó ni wọ́n bá lọ, wọ́n sì ń rí i. Wọ́n á ní àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n á ní oníjà fúnra rẹ̀ lè fẹ́ràn ohun tí wọ́n fi í ṣe. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. N kò bá Tolúlọpẹ́ wíjọ́. Ọmọ tó ti Èkó lọ gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, tó wá di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n owó oṣù oníjà kò lè dáhùn ìbéèrè tèmi. Bí ìtàn bá ti jẹ́ ti gbogbo wa, ẹni tó ń jẹ nínú rẹ̀ nìkan kọ́ ló yẹ kó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí oníjà tún jẹ́ atọ́kùn? Ó ṣeé ṣe, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Japan lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rikidozan fi ìjàkadì sumo sílẹ̀, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1953. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó pe àwọn arákùnrin méjì kan láti òkè òkun, ìdílé Sharpe, wá bá a jà. Àwọn ará Japan tí ogun ti fọ́ ọkàn wọn kóra jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n lójú pópó láti wo ara wọn bí ẹni tó ń dá òmìrán òyìnbó mọ́lẹ̀. Òun ló jà, òun ló sì tò ó. Nígbà tó kú ní ọdún 1963, àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ méjì, Antonio Inoki àti Giant Baba, gba iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ méjèèjì sì wà títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń sọ Rikidozan di òrìṣà o. Korea ni wọ́n ti bí akọni Japan yìí, ó sì fi í pamọ́ fún àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Atọ́kùn tó jẹ́ ọmọ ilé náà lè purọ́. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ ilé lè bi í léèrè.

Nílé wa níbí náà, a kò ṣàì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí wa kò gbàgbé Michael Okpala, ọmọ Neni ní ilẹ̀ Ìgbò, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Power Mike. Ní àwọn ọdún 1970, orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti mú ọmọdé dán agbára wò lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo yìn ín fún jù ni ohun tó ṣe nígbà tó fi ìjà sílẹ̀. Kò lọ jókòó sílé máa sọ ìtàn ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ó di agbátẹrù, ó ń ṣètò ìjàkadì fún àwọn mìíràn. Oníjà ti di atọ́kùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé ohun tó bẹ̀rẹ̀ kò rí ẹni bá a gbé e débi tí àwọn ọmọ-iṣẹ́ Rikidozan gbé tiwọn dé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, bóyá Tolúlọpẹ́ ì bá ní ibòmíràn tó lè yàn.

Ẹni tó bá ní kò lè ṣeé ṣe ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, kó wo Senegal. Ìjàkadì ìbílẹ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní làmb, ló ń kún pápá níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018, wọ́n ṣí pápá ìjàkadì ńlá kan ní Pikine lẹ́bàá Dakar, tó gba ogún ẹgbẹ̀rún òǹwòran. Àwọn agbátẹrù bíi Gaston Mbengue ló ń yan ẹni tí yóò kojú ẹni, wọ́n á kéde rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, wọ́n á sì fi owó ńlá lélẹ̀. Àwọn oníjà á fi ìlù àti ijó wọ agbo, wọ́n á máa ki ara wọn ní èdè Wolof. Bàkk ni wọ́n ń pe irú oríkì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò ṣubú nìkan ni atọ́kùn kò lè yàn, agbára ló ń yan ìyẹn. Gbogbo nǹkan yòókù wà lọ́wọ́ ọmọ onílé, kò sì sí ẹni tó sọ wọ́n di ẹ̀ṣọ́ ẹlòmíràn nínú ìtàn tiwọn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sílé, sí ìwọ̀ oòrùn Èkìtì tí púpọ̀ nínú àwa òǹkàwé ìwé yìí ti wá. Kí ni kò sí níbẹ̀? Ìtàn ni? Orúkọ Alárá ti Aràmọkọ àti Ajerò ti Ìjerò kò wọ́n nínú ẹsẹ Ifá, babaláwo tí kò tíì dé Èkìtì rí mọ̀ wọ́n. Ọnà ni? Ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, Agbọnbíọ̀fẹ́ gbẹ́ àwọn òpó ààfin ọba, tó jẹ́ pé àwọn òyìnbó ló ń kọ̀wé nípa wọn báyìí. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni láti Florida sọ fún un bí ọba Yorùbá ṣe rí. Ìjàkadì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹkẹ wà nínú ìwé eré ìdárayá tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ìwé girama. A kọ ìdáhùn sílẹ̀, a yege, a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Oníjà pàápàá kò wọ́n wa. Ọdúnayọ̀ Adekuoroye, tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, gba góòlù nínú ìdíje Commonwealth ní ọdún 2014, 2018 àti 2022. Kò sí atọ́kùn tó fún un, ó já a gbà ni. Síbẹ̀ ẹ lọ sí ilé àwọn ọmọkùnrin ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n nípa Omos, ẹ tún bi wọ́n nípa Ọdúnayọ̀. Ẹ ó rí i pé ẹni tí ìtàn rẹ̀ ti jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ rí ni wọ́n mọ̀. Agbára wà nílé, aládé wà nílé, ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ wọn ló ṣọ̀wọ́n.

Iṣẹ́ ẹ̀ka wa nìyẹn. Èdè àti eré oníṣe ni a wá kọ́. Ọ̀pọ̀ wa ń kọ́ ọ bí ẹni pé òṣèré nìkan ni a ó dà, kí ẹlòmíràn wá pè wá, kó sọ wá lórúkọ, kó sì fi wá sí ibi tó wù ú. Mo ń bẹ̀ wá kí a kọ́ iṣẹ́ atọ́kùn náà. Kì í ṣe ohun tó kọjá agbára wa. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí ọmọ Ìjerò, ọmọ Aràmọkọ àti ọmọ Ẹ̀fọ̀n fi fóònù wọn gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ lórí ẹkẹ: òfin rẹ̀, orúkọ ìdimú kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka èdè tiwa, ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí ẹ̀yìn ẹnìkan bá kan ilẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka wa ọdún yìí ní agbo ẹkẹ kan, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, kí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yan oníjà wá. Kí ẹni tó ń kéde fi ohùn Èkìtì kéde, kó ki oníjà ní oríkì ìdílé rẹ̀. Kí àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ nínú wa kọ ìtàn tó ṣíwájú ìjà àti èyí tó tẹ̀lé e. Kí oníjà kọ̀ọ̀kan ni orúkọ rẹ̀, kí á kọ ìyẹn sínú ìwé. Nítorí pé ìjà tí a ti mọ òpin rẹ̀ pàápàá lè ṣẹ́ ènìyàn léegun, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tó wà ní Ìjerò kí wọ́n wá dúró tì wá.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń béèrè nígbà gbogbo pé kí ni ẹ lè ṣe fún ẹ̀ka, fóòmù tí a ó tẹ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fi orí gbálẹ̀ kò ju agbára yín lọ.

Mi ò sọ pé kí Tolúlọpẹ́ padà wálé. Kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kó sì rí èrè rẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni pé kí Tolúlọpẹ́ mìíràn, tó ń dàgbà lọ́wọ́ báyìí ní abúlé kan láàárín Ìkógòsì àti Ẹ̀fọ̀n, tí gíga rẹ̀ ti ń ya olùkọ́ rẹ̀ lẹ́nu, rí agbo kan nítòsí ilé tí wọn yóò ti pe orúkọ rẹ̀ pé, tí wọn yóò sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀.